Fukushima tí kì í ṣe Fukushima: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé àfonífojì Kiso, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé n ó kọ ìtàn yìí, iṣẹ́ ni ò gbà. Nagoya ní Japan ni mò ń gbé, ibi tí wọ́n ti ń ṣe páàtì mọ́tò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú mi sì máa ń wá òkè, ẹni tí wọ́n bí sí Ẹfọ̀n Aláayè kò lè ṣe kó má wá òkè. Sátidé kan báyìí mo wọ rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Shinano, ó ń jáde nínú ihò òkè kan ó tún ń wọ òmíràn, kò tó wákàtí kan ààbọ̀ tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ ní Kiso-Fukushima. Atẹ́gùn tútù, odò ń hó lábẹ́ afárá, àwọn ilé onígi kan tò sétí odò tí ẹ̀yìn wọn yọ sórí omi bí ẹni fẹ́ bẹ́ sínú ẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo ya fọ́tò, mo jù ú sórí WhatsApp ẹbí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Mo ti dé Fukushima o, ibí yìí mà dùn o."

Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nílé. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí fóònù fi dún. Màmá mi ni. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ẹ níṣẹ́ lọ síbẹ̀? Ṣé kì í ṣe ibi tí iná àtọ́míìkì ti bú gbàmù nìyẹn? O ò gbọdọ̀ mu omi ibẹ̀ o! Jáde níbẹ̀ kíákíá!" Bẹ́ẹ̀ mo ti mu tíì ife méjì.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó yé wọn. Fukushima tí wọ́n gbọ́ nínú rédíò lọ́dún 2011, ìpínlẹ̀ odindi ni, ó wà létí òkun ní àríwá ìlà oòrùn Japan. Èyí tí mo wà, ìlú kékeré kan láàárín òkè ni, ní ìpínlẹ̀ Nagano, tí ò fara kan òkun níbì kankan. Orúkọ kan náà ni, lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi ń kọ ọ́: fuku ni oríire, shima ni erékùṣù. Erékùṣù oríire, níbi tí òkun ò sí! Wọ́n fi Kiso ṣáájú orúkọ ibùdókọ̀ tibí kéèyàn lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, èmi ni mo gé e sọnù torí ìka mi ń kánjú. Màmá mi ní "Ó ti yé mi. Àmọ́ má mu omi wọn ṣá."

Látọjọ́ yẹn mi ò kì í dé ibì kan ní àfonífojì yẹn kí n má béèrè kí lorúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí. Mo tún ti jìn sí kòtò orúkọ lẹ́ẹ̀kejì sá. Mo lọ sí Narai, ọ̀kan nínú ìlú mọ́kànlá tí àwọn arìnrìn-àjò àtijọ́ máa ń sùn sí ní Kiso, lójú ọ̀nà Nakasendo tó lọ láti Edo, ìyẹn Tokyo òní, dé Kyoto. Mọ́kàndínláàádọ́rin ni gbogbo irú ìlú bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, tẹ́ ẹ bá ti rí "juku" lẹ́yìn orúkọ, ibùsùn èrò nìyẹn. Odò kan ń ṣàn lẹ́bàá ìlú, mo fi fóònù ká a sílẹ̀, mò ń ṣàlàyé fún ẹni tí ò bi mí pé "odò Kiso tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ rèé." Bàbá àgbà kan ń gbá ewé níwájú ilé wọn. Wọ́n gbọ́ Kiso lẹ́nu mi, wọ́n dá ìgbálẹ̀ dúró, wọ́n mi orí. Wọ́n fi igi ìgbálẹ̀ yẹn na òkè tó wà lẹ́yìn wa, wọ́n ní Kiso, lẹ́yìn ibẹ̀. Wọ́n wá na ọwọ́ síbi tí omi ń lọ: àríwá, Òkun Japan.

Mo gun òkè náà kí n lè fojú ara mi rí i. Torii Tōge lorúkọ ẹ̀, gíga rẹ̀ 1197 mítà, ẹsẹ̀ mi sọ fún mi pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò tó bá rọ̀ sí apá Narai ń bá odò Narai lọ sí Òkun Japan, èyí tó bá rọ̀ sí apá Yabuhara á bọ́ sínú Kiso, tó máa rin 229 kìlómítà lápapọ̀ kó tó dé etí òkun Ise ní ẹ̀gbẹ́ Nagoya wa níbí, tó ń lọ sí Pàsífíìkì. Torii ni ẹnu ọ̀nà onígi tí wọ́n máa ń rì síwájú ojúbọ wọn. Ọ̀kan wà lókè yẹn tó kọjú sí òkè Ontake, torí ibẹ̀ làwọn tí ò lágbára àtilọ máa ń dúró sí láti bọ Ontake lókèèrè. Èmi náà dúró níbẹ̀, kùrukùru bo gbogbo ẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Òkè ayọnáyèéfín ni Ontake yẹn, ó ga tó 3067 mítà, òun náà ló bú ní September 27, 2014, lọ́sàn-án Sátidé tí èrò kún orí ẹ̀, mẹ́tàlélọ́gọ́ta nínú wọn ò padà sílé. Mo bọ́ fìlà.

Ó yá, mo ti sọ tèmi. Ẹ̀yin ńkọ́?

Sísí Gífù:

Hahaha, bọ̀dá, ẹ ẹ̀ kú ewu màmá. Ìpínlẹ̀ Gifu ni mò ń gbé, ẹ̀yìnkùlé mi ni Magome jẹ́, ọ̀kan nínú ìlú mọ́kànlá tí bọ̀dá sọ yẹn, torí náà ẹ jẹ́ kí n jà fún un díẹ̀. Nagano ni Magome wà tẹ́lẹ̀ o, ọdún 2005 ni abúlé tí Magome wà nínú ẹ̀ dara pọ̀ mọ́ Nakatsugawa, bó ṣe di ti Gifu nìyẹn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn níwájú àgbàlagbà kan tó ń ta búrẹ́dì ìrẹsì níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mi ò kúrò níbẹ̀ fún wákàtí kan. Lẹ́tà ẹṣin àti lẹ́tà agbọ̀n ni wọ́n fi kọ Magome.

Mo fẹsẹ̀ rìn láti Magome dé Tsumago, kìlómítà mẹ́jọ ni, àbúrò mi obìnrin ló wá kí mi láti London tá a jọ lọ. A rí agogo kan tó kọ́ sára òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, okùn sì wà lára ẹ̀. Àbúrò mi ní bóyá ti ilé ìjọsìn ni, ká má fọwọ́ kàn án. Mo ní kó jẹ́ kí n ka ohun tó wà lára pátákó. Béárì! Ẹranko béárì ló wà nínú igbó yẹn, èèyàn á lu agogo náà kó lè gbọ́ kó yà lọ́nà. Ẹ ò rí bí ọmọ tó ní ká má fọwọ́ kàn án ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn, gan-an, gan-an, gan-an, àwọn òyìnbó tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ní láti dúró kó fi lù ú tán. Gbogbo agogo tá a kàn títí dé Tsumago ló lù.

Tíì wà ní ilé ìsinmi kan láàárín igbó, wọn ò dá iye lé e, ohun tó bá tọkàn yín wá lẹ máa fi sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ díẹ̀, omi méjì ló ń já láti orí àpáta, Odaki àti Medaki, takọ tabo. Mo rò pé èyí tó lágbára jù ni wọ́n á pè ní akọ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí, mi ò fẹ́ sọ nǹkan kan sí i.

Àmọ́ ohun tí mo mú bọ̀ nínú ìrìn yẹn ni lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ wo "tōge" tí bọ̀dá kọ lókè yẹn, ibi tí ọ̀nà ti ré òkè kọjá. Ọ̀dọ̀ àwọn Ṣáínà ni Japan ti gba ọ̀pọ̀ lẹ́tà wọn, àmọ́ Japan fúnra wọn ló ṣe èyí: 峠. Apá òsì ni òkè, apá ọ̀tún ni "gòkè" lórí "sọ̀ kalẹ̀." Mo jókòó sórí òkúta níwájú pátákó yẹn, mo ń mí hẹlẹ, mo wo lẹ́tà náà, mo rí orúnkún ara mi nínú ẹ̀.

Tíṣà Òkè Odò:

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi gbé ibẹ̀ ọdún méjì, mo kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè Nagiso, torí náà ti èmi kì í ṣe ti ìgbádùn pátápátá. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tẹ́ ò lè gbọ́ ní Tokyo: januke. Ja ni ejò, nuke ni kó yọ́ já lọ. Ejò ti já. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni kí òjò rọ̀ títí kí ẹrẹ̀ àti òkúta àti ìtí igi já wá látorí òkè gba inú odò kékeré, lẹ́yìn tó bá ti kọjá tán ẹ á rí ojú ọ̀nà ẹ̀ lára òkè bí ibi tí ejò ńlá ti wọ́ kọjá. Òkè ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta ẹ̀ máa ń rà di yanrìn, ohun tó fà á nìyẹn.

Wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ ní Nagiso nítorí èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1953, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sí i lára. Bí òjò funfun bá rọ̀, á já. Dúdú ni omi ejò. Òórùn bí ohun tó ń jóná á ṣáájú ẹ̀. Bí omi odò bá dá dúró lójijì lẹ́yìn òjò ọlọ́jọ́ púpọ̀, á já. Mo ka á lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí ẹni ń ka ewì, mo ya fọ́tò, mo lọ jẹ núdù.

Lóṣù Keje ọdún kejì mi, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ìyá onílé mi kan ilẹ̀kùn, rénkóòtù lọ́rùn, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, wọ́n ní kí n gbé bẹ́ẹ̀dì mi kúrò ní yàrá tó kọjú sókè. Mo bá wọn gbé e. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣí fèrèsé díẹ̀. Mo ní màmá, òjò ń wọlé. Wọ́n ní mò ń gbọ́ odò. Mo ní mo ń gbọ́ ọ náà, ariwo ẹ̀ mà pọ̀ o. Wọ́n ní ariwo ò burú. Tó bá dákẹ́, ká sá, bàtà rẹ nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà. Torí tó bá dákẹ́, igi àti òkúta ló ti dí i lókè, ohun tó bá sì dí máa já. A jókòó báyẹn tí ilẹ̀ fi mọ́, àwa méjèèjì, à ń gbọ́ ariwo omi, mi ò tíì gbàdúrà kí ariwo máa lọ báyẹn rí láyé mi. Kò dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó já ní Nagiso yẹn náà lóṣù Keje 2014 kí n tó débẹ̀, ó wó ilé, ọmọ ilé ìwé kan sì bá a lọ.

Káfíńtà:

Tíṣà, ẹ ṣẹ̀rù bà mí o. Tèmi ò le tó yẹn. Igi ló gbé mi débẹ̀. Igi hinoki Kiso lóókọ, òun ni wọ́n fi ń tún ojúbọ ńlá Ise kọ́ ní ogún ogún ọdún, tẹ́ ẹ bá fi páléènì fá a, òórùn ẹ̀ á gba inú ṣọ́ọ̀bù kan, á lẹ̀ mọ́ aṣọ yín títí ẹ ó fi délé. Láyé àtijọ́ ìjọba Owari tó wà ní Nagoya ló ni igbó yẹn, òfin wọn ni "igi hinoki kan, orí kan." Ẹ gé igi, wọ́n á gé orí yín, kò ju báyẹn lọ.

Wọ́n wá fi òfin de igi mẹ́rin mìíràn mọ́ ọn torí wọ́n jọ ọ́, kẹ́nikẹ́ni má bàa sọ pé òun ṣì í gé ni. Èmi kọ́kọ́ rò pé àwáwí ni, àfìgbà tí ọ̀gá mi ní kí n mú ẹ̀ka hinoki wá, mo mú sawara, ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn. Wọ́n yí ewé náà dojú bolẹ̀: ìlà funfun tó wà lábẹ́ ti hinoki dà bíi Y, ti sawara dà bíi X. Mo ti rò pé mo mọ igi látọdún mélòó o. Ṣùgbọ́n nínú márààrún, asunaro ni orúkọ ẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àwọn ará ibẹ̀ ní ohun tó ń sọ ni pé "lọ́la, n ó dà." Lọ́la òun á di hinoki! Ọ̀gá mi ti ń fi pè mí látọjọ́ tí mo mú ewé àṣìṣe wá.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀:

Asunaro, ẹ kú iṣẹ́ o, hahaha. Tíṣà, mi ò ní lọ lóṣù Keje mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Mo padà lọ lóṣù tó kọjá, ní Agematsu, mo lọ wo Nezame no Toko. Àpáta funfun ńláńlá ni, onígun mẹ́rin, bí ẹni fi ayùn gé wọn, omi aláwọ̀ ewé ń gba àárín wọn lọ. Odò ló gbẹ́ ẹ, ìdídò tí wọ́n ṣe lókè ló jẹ́ kí omi fà tí àpáta fi yọ tó báyìí. Orúkọ ẹ̀ ni ibùsùn ìtají. Wọ́n ní apẹja kan tó ń jẹ́ Urashima Taro lọ sí ààfin ìsàlẹ̀ òkun, ọmọ ọba obìnrin ibẹ̀ fún un ní àpótí, ó ní kò gbọdọ̀ ṣí i. Nígbà tó padà, gbogbo ẹni tó mọ̀ ti kú. Ó rìn rìn rìn dé orí àpáta yìí, ó ṣí àpótí, èéfín yọ, ó di arúgbó lójú ẹsẹ̀, ló bá ta jí. Apẹja òkun, láàárín òkè, ní ìpínlẹ̀ tí ò ní òkun! Bíi Fukushima mi náà ni.

Mo pe màmá mi látorí àpáta yẹn, mo sọ ìtàn náà fún wọn látòkè délẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Wọ́n fún un ní nǹkan, ó gbà á."