Ọdún tuntun dé, ọkàn mi ṣì gbẹ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọrin Ohùn Kejì:
Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọdún o. Ẹ forí jì mí pé ọ̀rọ̀ tèmi kò dùn bí ọdún.

Lọ́dọọdún, bí aago méjìlá òru bá ti lù nínú ìsìn àìsùn, tí gbogbo wa wà lórí ìkúnlẹ̀, èmi náà á sunkún, màá sì ṣèlérí. Lánàá ni mo ṣí ìwé tí mo máa ń kọ ìpinnu sí. Ọdún mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ohun kan náà ni mo kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: màá ka Bíbélì tán, màá máa jí gbàdúrà ní aago márùn-ún, màá sún mọ́ Ọlọ́run. Àmì tí mo fi sínú Bíbélì mi ṣì wà ní Léfítíkù, ìwé kẹta. Ibẹ̀ náà ló wà lọ́dún tó kọjá.

Mi ò fi ìjọ sílẹ̀ o. Mò ń kọrin, mi ò kì í pa ìpàdé jẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀ nílé, ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu mi. Mò ń rò ó pé kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21. Ṣé ó máa ràn mí lọ́wọ́, àbí ìlérí mìíràn tí mi ò ní mú ṣẹ nìyẹn?

Ìyá Ìjọ:
Ọmọ mi, gba ààwẹ̀ náà. Ẹran ara ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dáníẹ́lì orí 10 ni ọjọ́ 21 yẹn ti wá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi kan ẹran àti wáìnì, ìdáhùn sì dé.

Oníṣirò:
Ẹ kú ọdún. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n ni yín tàbí àbúrò, ẹ jẹ́ kí n máa pè yín ní ẹ̀yin.

Ọ̀rọ̀ Léfítíkù yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, torí èmi náà ti kú síbẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Orí 1,189 ló wà nínú Bíbélì. Ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ lọ́dún kan á máa ka orí mẹ́ta ó lé díẹ̀ lójúmọ́. Jẹ́nẹ́sísì jẹ́ orí 50, Ẹ́kísódù jẹ́ 40, àpapọ̀ wọn 90. Mẹ́ta-mẹ́ta lójúmọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa gbà. Ìyẹn ni pé ìparí oṣù kìíní gan-an, nígbà tí iná ìsìn àìsùn ti kú tán, lẹ máa bá ọ̀rá ẹran àti kíndìnrín ẹbọ pàdé. Ta ni kò ní sá?

Ẹ fi Máàkù bẹ̀rẹ̀. Orí 16 péré ni. Orí kan lójúmọ́, kódà ìdajì. Bí ẹ bá fo ọjọ́ kan, ẹ má san gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Gbèsè yẹn ló ń pa èèyàn.

Pásítọ̀ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:
Ọmọ mi, wo Èlíjà nínú Ọba Kìíní orí 19. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò wàásù fún un. Ó jí i, ó ní kó jẹun. Ó tún sùn, ó tún jí i, ó tún ní kó jẹun. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rin ìrìn ogójì ọjọ́ dé òkè Hórébù, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ṣé o ń sùn dáadáa? Bí ó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí oorun kò wá, tí ohunkóhun kò dùn mọ́ ọ, lọ rí dókítà pẹ̀lú àdúrà. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Má sì gbé gbogbo rẹ̀ lé oṣù kìíní lórí. John Wesley, ẹni tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, kó nǹkan bí 1,800 èèyàn jọ ní Lọ́ńdọ̀nù láti tún májẹ̀mú wọn dá pẹ̀lú Ọlọ́run. Ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1755 ni. Oṣù kẹjọ o! Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó sọ ọ́ di ìsìn ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹkún Jeremáyà orí 3 sì ní òròòwúrọ̀ ni àánú Olúwa ń di ọ̀tun, kò sọ pé ọdọọdún. Àlàpà Jerúsálẹ́mù lẹni tó kọ ọ́ ń wò nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Akọrin Ohùn Kejì:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Mò ń sùn, mo sì ń jẹun. Nínú àdúrà nìkan ni ọ̀nà ti dí.

Àbúrò Yín:
Ìyá wa, ẹ má bínú sí mi. Àìsáyà 58 sọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbààwẹ̀ tí wọ́n sì ń jà. Ẹ̀gbọ́n mi akọrin, ẹ gbà mí láyè kí n béèrè: ta lẹ ń bá yan odì?

Akọrin Ohùn Kejì:
Mo ti ka ìbéèrè yìí nígbà mẹ́ta.

Àbúrò mi obìnrin ni. Ọ̀rọ̀ owó ni, ó ti lé lọ́dún kan. Òun ló jẹ̀bi, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo bá pa ojú dé láti gbàdúrà, ojú rẹ̀ ni mo máa ń rí, màá wá máa tò ẹjọ́ tí mo máa rò fún un. Bí àdúrà ṣe ń parí nìyẹn.

Ìyá Ìjọ:
Háà. Ọmọ mi, sún ààwẹ̀ yẹn síwájú ná, ó ṣì máa bá ọ níbẹ̀. Mátíù 5 ní kí o fi ọrẹ rẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí o kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ làjà. Kò sì béèrè ẹni tó jẹ̀bi.

Oníṣirò:
Àti Máàkù orí kan o.

Akọrin Ohùn Kejì:
Mo ti ka orí kìíní. Mo sì ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lálẹ́ yìí: "Ẹ kú ọdún. Mo ń rántí yín." Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́ di ẹ̀yin.

Ó ti fèsì. Ó ní, "Ta nìyí?" Ó ti pa nọ́ńbà mi rẹ́.

Mò ń tẹ orúkọ mi lọ́wọ́.