Ṣé kí n jẹ́ káwọn kóòṣì máa to wákàtí ara wọn?

OníJíìmù Lágere
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní jíìmù kékeré kan níbí nílé Ifẹ̀, kóòṣì mẹ́rin la jọ ń ṣe é. Èmi ni mò ń kọ wákàtí oníkálukú sínú ìwé, kọ́sítọ́mà á pè mí, èmi á pe kóòṣì, kóòṣì á lóun ò ní sí ńlé nígbà yẹn, màá tún pe kọ́sítọ́mà padà, gbogbo káàdì ti tán síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá èèyàn méjì dé láago mẹ́fà àárọ̀ fún kóòṣì kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ màmá àgbà kan tí dókítà ní kó máa ṣeré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, wákàtí kan gbáko ni màmá fi jókòó. Ó dùn mí wọra. Wọ́n ní kí n gba áàpù kí àwọn kóòṣì máa to àkókò fúnra wọn, ẹ̀rù mi ni pé gbogbo wọn á sá fún àárọ̀ kùtù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é ńkọ́?

Kóòṣì Parakin
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Kóòṣì lèmi náà, mo tún ń kàwé l'OAU, tí wọ́n bá yí àkókò lẹ́kíṣọ̀ padà lóru, èmi ni mo mọ̀, ọ̀gá mi ò lè mọ̀. Google Calendar la ń lò, ọ̀fẹ́ ni, oníkálukú ní tiẹ̀, a sì ṣí i fún ọ̀gá kó lè máa rí gbogbo ẹ̀. Ti àárọ̀ kùtù yẹn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú aago márùn-ún ààbọ̀, torí àwọn tó ń lọ síṣẹ́ láàárọ̀ kì í pa ọjọ́ jẹ.

Àdùkẹ́ Iléṣà
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má fi gbogbo ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ o. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ lé gbé irin, méjì la ní níbí, kóòṣì mẹ́ta ṣí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, làwọn èèyàn bá ń tò dúró de bẹ́ǹṣì bí ẹni wá ra epo. Áàpù ò mọ iye bẹ́ǹṣì yín. Kóòṣì ló máa sọ ìgbà tó ráyè, ẹ̀yin lẹ máa sọ iye tí yàrá gbà. Nínú Calendly, áàpù táwọn kọ́sítọ́mà wa fi ń mú àkókò, a fi ìṣẹ́jú 15 sáàárín ẹnì kan àti èkejì, a ò sì gba kẹ́nikẹ́ni mú àkókò tí kò bá ti tó wákàtí 12 ṣáájú. Ẹ tún wo bẹ́ ẹ ṣe ń sanwó fún wọn, kóòṣì tó ń gbowó lórí iye èèyàn tó kọ́ á ṣí wákàtí fúnra ẹ̀, èyí tó ń gba owó oṣù nìkan, ẹ ò rí i láàárọ̀.

Ìyá Ìbejì
Màmá ẹlẹ́jẹ̀ ríru yẹn ò ní tẹ áàpù kankan o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wà nídìí fóònù tí á máa fi orúkọ irú wọn sí i. Kẹ́ ẹ sì ti ọjọ́ ọdún Ọlọ́jọ́ pa nínú kàlẹ́ńdà láti ìsinsìnyí, ẹ mọ bí èrò ṣe máa ń kún ọ̀nà Ẹnuwá níwájú ààfin.

OníJíìmù Lágere
Ẹ ṣeun gan-an. Owó oṣù ni mò ń san fún wọn, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Àdùkẹ́, èló lẹ ń yọ fún kóòṣì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan?