Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká ta oko kòkó bàbá wa nítorí ìtọ́jú tó ń ṣí odi ọpọlọ?

Àkọ́bí Obìnrin, Ìjerò: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ní oṣù Kẹta ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá wa, jẹjẹrẹ inú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní glioblastoma. Wọ́n ti gba ìtànṣán tán, oògùn temozolomide ni wọ́n ń lò báyìí. Lánàá mo gúnyán. Wọ́n bu òkèlè, wọ́n ràn án lọ́bẹ̀, ni ọwọ́ ọ̀tún wọn bá gbọ̀n, òkèlè já bọ́ sórí aṣọ. Wọ́n ń wò ó lásán. Mi ò lè jẹun mọ́.

Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ní odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí oògùn wọlé, pé ní Toronto wọ́n ti ń ṣí i. Ó ní ká ta oko, ká gbé bàbá wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Adó: Ẹ kú ìtọ́jú wọn, ẹ̀gbọ́n mi. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Ara àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ọpọlọ lẹ̀ mọ́ra pinpin. Atẹ́gùn àti ṣúgà ń kọjá, àmọ́ ọ̀pọ̀ oògùn kì í kọjá. Ààbò wa ni odi yẹn, májèlé ni ó ń dá dúró. Bí wọ́n ṣe ń ṣí i nìyí: wọ́n á fa omi tó ní hóró afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́, bí ìfófó ọṣẹ, sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wá darí ìró sí ojú ibi tí àìsàn wà, irú ìró tí wọ́n fi ń ṣe sikáànù aláboyún. Hóró yẹn á máa wú, á máa súnkì, odi á sì ṣí díẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti dí padà. Ilé ìwòsàn Sunnybrook ní Toronto ṣe é fún aláìsàn jẹjẹrẹ ọpọlọ ní 2015. Ṣùgbọ́n ìwádìí ló ṣì jẹ́ o.

Apòògùn Ìdó: Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú rèé: temozolomide fúnra rẹ̀ ń wọ ọpọlọ dé ìwọ̀n kan láìjẹ́ pé a ṣí odi kankan. Paclitaxel, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, ni kì í fẹ́ wọlé. Ní Chicago, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìró sínú agbárí àwọn aláìsàn 17 nítorí rẹ̀, ìwé ìwádìí náà jáde ní 2023. Láàárín wákàtí kan ni odi ti ń dí padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa oògùn náà sí wọn lára lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí àìsàn wọn padà wá lẹ́yìn ìtọ́jú ni wọ́n sì gbà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà: ṣé ti bàbá ti padà ni? Kí àbúrò yín kọ̀wé sí àwọn ará Toronto, kí wọ́n wo fíìmù MRI bàbá, ìyẹn àwòrán inú ọpọlọ wọn, kẹ́nikẹ́ni tó mú oníbàárà dé oko.

Ọmọ Èfọ̀n: Ẹ ṣọ́ra o. Ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ wa, ó ní àgbo òun ń ṣí ọpọlọ. Ìyá mi fi oògùn dókítà sílẹ̀ fún oṣù méjì. Ó ń dùn mí títí dòní.

Màmá Ìbejì, Ìkọ̀lé: Ọmọ mi, ta ló ni oko? Ṣé ẹ ti bi bàbá fúnra wọn?

Àkọ́bí Obìnrin, Ìjerò: Ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́bọ̀ la máa rí dókítà, mo ti kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Màmá, mo sọ fún wọn lálẹ́ yìí. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá bi mí bóyá a ti ro abẹ́ àwọn kòkó náà.