Ìpínrọ̀ àárín aròkọ mi kò dúró: kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ní kí a kọ aròkọ lórí ìdí tí Igbó Ọ̀ṣun kò fi parun. Olùkọ́ yin ìfáárà mi, ṣùgbọ́n ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìpínrọ̀ kejì, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé, “Kí ni o fẹ́ kí n fi gbogbo èyí ṣe?” Ìpínrọ̀ náà nìyí:

“Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Oṣù kẹjọ ni a máa ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun. Àdùnní Olórìṣà kú ní ọdún 2009.”

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Kí wá ni àṣìṣe mi?

Olùkọ́ èdè kan

Ọmọ mi, òótọ́ mẹ́rin ni o kó jọ, ṣùgbọ́n ìdí ni wọ́n bi ọ́, ìwọ ń ka iye àti ọdún. Mú ìdí kan ṣoṣo, sọ ọ́ gbangba ní gbólóhùn àkọ́kọ́, kí o sì yọ gbólóhùn tí kò bá ràn án lọ́wọ́, bó ti wù kó dùn ọ́ tó. Bí èmi ni, bí n óò ṣe kọ ọ́ nìyí:

“Iṣẹ́ ọnà wà lára ohun tí ó dáàbò bo Igbó Ọ̀ṣun. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tún àwọn ojúbọ ṣe, wọ́n sì mọ ère ńláńlá sáàárín igi. Ẹni tí ó bá gbé àáké wọ ibẹ̀ yóò rí i pé ilẹ̀ náà ní olóhun.”

Gbólóhùn kẹta ni kí o wò dáadáa. Òun ni ó so ẹ̀rí mọ́ ìdí, òun ló ṣòro kọ jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò.

Ẹni kan láti Ìgbọ̀nà

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Olùkọ́, àmọ́ má ṣe da hẹ́kítà 75 yẹn nù, àbúrò. Ìpínrọ̀ òfin ni ààyè rẹ̀ wà: ọdún 1965 ni ìjọba kọ́kọ́ sọ igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ọdún 1992 sì ni ààbò náà tó dé gbogbo hẹ́kítà 75. Fi “Ṣùgbọ́n ère nìkan kò lè dá ẹni tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ dúró” bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò so mọ́ èyí tí ó ṣáájú.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà

Ẹ ṣeun gan-an ni, sà; ẹ̀gbọ́n náà, ẹ ṣé. Ọdún Ọ̀ṣun ni mo wá fún ní ìpínrọ̀ tirẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ni: “Ìlú tí ó ń wọ igbó lọ́dọọdún láti tún májẹ̀mú rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀ṣun ṣe kò ní fẹ́ kí a gé igbó náà.” Ipa Àtáọ́ja àti Arugbá ni n óò fi ṣe ẹ̀rí, n óò sì gbé e wá síbí lọ́la kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.