Ẹyẹ tó ń fi ẹrẹ̀ rẹ́ ẹnu ihò àpótí wa: ṣé ká ha á kúrò?

Ìyá Ìbejì, Kent
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ìbejì gbé àpótí ìtẹ́ ẹyẹ kan wálé láti iléèwé, bàbá wọn sì kàn án mọ́ igi óòkù ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ ẹnu ihò rẹ̀ títí ó fi fẹ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn ni ẹyẹ kan ti ń gbé ẹrẹ̀ wá lẹ́nu, tó ń fi rẹ́ ihò náà bíi pé bíríkìlà ni wọ́n bí i. Ó ti ku bíńtín. Ó tún rẹ́ ìdérí àpótí mọ́ ara rẹ̀! Mo kọ́kọ́ rò pé àkókó ni, nítorí ó ń kan nǹkan gbà-gbà-gbà láàárọ̀, àfi bí mo ṣe rí i tó ń sọ̀kalẹ̀ lára igi, orí níwájú, ìdí lẹ́yìn, bí alángbá lára ògiri. Bàbá Ìbejì ti mú ọ̀bẹ, ó ní òun máa ha ẹrẹ̀ náà kúrò kí àwọn ẹyẹ yòókù lè rí ọ̀nà wọlé.

Bùrọ̀dá Sheffield
Ìyá Ìbejì, ẹ tètè gba ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ wọn! Nuthatch ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà. Ilé rẹ̀ ló ń rẹ́. Kì í sábà gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀. Ihò tí àkókó ti kó kúrò níbẹ̀, tàbí ibi tí ẹ̀ka igi ti jẹrà, ló máa ń wá. (Àkókó tó ní òun máa gbẹ́ pósí fún bàbá òun, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe parí.) Bí ihò náà bá fẹ̀ jù, á máa rẹ́ ẹrẹ̀ sí i títí yóò fi ku ìwọ̀nba tí ara tirẹ̀ lè gbà, kí ẹyẹ bíi starling, tó jù ú lọ, má baà wọlé wá lé e jáde. Abo ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹrẹ̀ náà. Akọ wà lórí ẹ̀ka, ó ń súfèé.

Kí ẹ lè dá a mọ̀ dájú: ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí aró tí wọ́n po mọ́ eérú, àyà rẹ̀ pọ́n bí ìpara òsùn tó ti ń ṣí, ìlà dúdú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá bí tìróò tí ẹni tó ń kánjú lé. Kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 lọ, kò sì wọn ju gíráàmù 20 sí 25.

Ẹ sọ fún Bàbá Ìbejì pé òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wildlife and Countryside Act ti ọdún 1981 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ tí ẹyẹ ń kọ́ lọ́wọ́ tàbí tó ń gbé inú rẹ̀ jẹ́.

Ìyá Ìbejì, Kent
Háà! Mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n bi yín pé, báwo ló ṣe ń dorí kodò sọ̀kalẹ̀ lára igi tí kò fi ń ṣubú?

Bùrọ̀dá Sheffield
Ẹsẹ̀ ni. Àkókó máa ń fi ìrù líle rẹ̀ ti ara igi, bí arúgbó ṣe ń fi ọ̀pá tilẹ̀, nítorí náà òkè ló lè dojú kọ. Nuthatch kò gbára lé ìrù, kúkúrú ni tirẹ̀. Ó máa ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á fi ìkejì sísàlẹ̀, ti òkè á fà á mọ́ igi, ti ìsàlẹ̀ á gbé e ró. Ní Britain, òun nìkan ni mo mọ̀ tó sọ rírìn báyìí dàṣà. Èrè rẹ̀ ni pé ó ń rí kòkòrò tó sá sínú èèpo igi níbi tí ẹni tó ń gòkè kò lè rí i.

Ohun tó ń kàn gbà-gbà-gbà yẹn, èso ni. Á ki èso hazel tàbí èso óòkù bọ inú pàlàpálá èèpo igi kó má baà yí, á wá máa fi ẹnu lù ú bí ẹni ń pa ẹ̀kùrọ́ lórí òkúta.

Omidan Glasgow
Ẹ kú iṣẹ́, bùrọ̀dá. Èmi náà rí i ní Pollok Park lẹ́yìn ṣíìfù òru, oorun ń kùn mí, mo rò pé ojú mi ló ń yí igi padà. Ṣùgbọ́n ìwé ẹyẹ tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù aláàánú ní kò sí nuthatch ní Scotland. Ta ló ń parọ́ nínú àwa méjèèjì?

Bùrọ̀dá Sheffield
Ẹ̀yin méjèèjì ló jàre, àbúrò mi, ìwé yẹn ló ti dàgbà. Òpin àwọn ọdún 1980 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ ní gúúsù Scotland, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ní England àti Wales, ó wọ́pọ̀ gan-an níbi tí igi àgbà bá wà. Lọ́dọ̀ wa níbí, inú Ecclesall Woods kún fún un. Ẹ̀yin ará London, Richmond Park àti Epping Forest ni kẹ́ ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pẹrẹsẹ bíi Fens, tí igi kò pọ̀, ẹ máa wá a tì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyí, nítorí òun ló máa pinnu bóyá kẹ́ ẹ náwó: ẹyẹ yìí kì í rìn jìnnà. Kì í ṣe bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń bá oòrùn lọ sí Áfíríkà. Akọ àti abo á di ibùgbé wọn mú láti January dé December, ọmọ wọn pàápàá kì í sábà lọ ju máìlì díẹ̀ lọ. Tí kò bá ti sí lágbègbè yín, àpótí olówó ńlá kò lè pè é wá.

Bàbá Dublin
Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Níbo ni mo ti lè ra irú àpótí yẹn? Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa fẹ́ràn rẹ̀.

Bùrọ̀dá Sheffield
Ẹ kú àgbà, bàbá. Ẹ ra àpótí o, sà, ṣùgbọ́n ẹ má rà á nítorí nuthatch. Kò bímọ ní Ireland, omi tó wà láàárín wa ti pọ̀ jù fún ẹni tí kì í rìnrìn àjò. Àpótí tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 32 yóò gba àwọn ẹyẹ kéékèèké bíi great tit àti blue tit, wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Bàbá Dublin
Ó dáa. Ẹ ti fún mi ní owó mi padà.

Ìyá Ìbejì, Kent
Kí la lè fún un jẹ? Mo ní ẹ̀pà tí mo yan fún gàrí, ó ti pẹ́ díẹ̀ ní kọ́bọ́ọ̀dù.

Bùrọ̀dá Sheffield
Rárá o! Ẹ̀pà oníyọ̀ kì í ṣe oúnjẹ ẹyẹ, èyí tó ti hu èbu sì burú jùyẹn lọ, oró aflatoxin inú rẹ̀ ń pa wọ́n. Ẹ̀pà tí kò níyọ̀, tí wọ́n tà fún ẹyẹ, ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ kó o sínú fíídà onírin wẹ́wẹ́, ìyẹn ohun tí a ń kó oúnjẹ ẹyẹ sí, kí ó má baà gbé odindi hóró fún ọmọ rẹ̀ lásìkò ìbímọ. Èso sunflower tí wọ́n ti bó ló fẹ́ràn jù. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń gbé e lọ, tó ń padà wá, tó tún ń gbé e lọ, ẹ má rò pé ọ̀kánjúwà ni. Ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú èèpo igi fún ìgbà òtútù, á wá fi ewédò tàbí èèpo bò ó.

Ẹ gbọ́ tèmi o. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ń da oúnjẹ sílẹ̀ bí ẹni ń bọ́ adìyẹ. Oṣù kan kò pé, eku dé. Onílé mi kọ lẹ́tà sí mi, ìtìjú bò mí. Ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán lójúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa gbé síta, kẹ́ ẹ máa fọ fíídà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà sí ibi tí ológbò lè lúgọ sí.

Àǹtí Maryland
Ẹ jẹ́ kí àwa Amẹ́ríkà náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Tiwa kì í fi ẹrẹ̀ rẹ́lé. White-breasted nuthatch ló pọ̀ lágbègbè wa lọ́dọọdún. Funfun ni ojú rẹ̀, ó ń fimú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé á mú kòkòrò lẹ́nu, á máa fi nu ẹnu ihò rẹ̀, wọ́n ní bóyá kí òórùn rẹ̀ lè lé ọ̀kẹ́rẹ́. Ìkejì, red-breasted, oje igi páìnì ló ń fi kun tirẹ̀. Lọ́dún tí èso igi páìnì bá kùnà lókè ní Kánádà, ó máa ń ya wá bí àlejò. Lọ́dún mìíràn, ẹ kò ní rí ìyẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó Àdúgbò, Atlanta
Àǹtí, ẹ gbàgbé tiwa! Ní Georgia níbí, brown-headed nuthatch ló wà nínú igi páìnì. Kékeré ni, ó ń dún bíi bèbí onírọ́bà tí wọ́n tẹ̀. Á já èèpo igi kan, á gbé e há ẹnu, á fi hú èèpo mìíràn kúrò kí ó lè rí kòkòrò abẹ́ rẹ̀. Mo fi fídíò rẹ̀ han ọkọ mi. Ó ní kí n má wulẹ̀ tan òun.

Ìyá Ìbejì, Kent
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n padà wá jábọ̀. Àwọn ọmọ ẹyẹ náà jáde láàárọ̀ àná. A ka mẹ́fà, àwọn ìbejì ní méje ni, wọ́n sì ń jà lórí rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Bàbá Ìbejì ló jí gbogbo wa. Ṣé a lè ṣí àpótí náà fọ̀ báyìí?

Bùrọ̀dá Sheffield
Ẹ kú oríire! Ẹ ní sùúrù di oṣù kẹsàn-án. Nígbà náà, ẹ fi omi rọ ẹrẹ̀ ara ìdérí kẹ́ ẹ tó ṣí i, ẹ má fi agbára ya á, pákó rẹ̀ máa ṣẹ́. Ẹ kó èèpo páìnì àti ewé inú rẹ̀ dànù, ẹ da omi gbígbóná sí i, láìfi ọṣẹ kankan. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ẹnu ihò, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìyá Ìbejì, Kent
A ti gbọ́. Ọ̀bẹ ti padà sí kíṣìnì.