Sípíkà aláìlápótí: pákó ìrókò láti Ìkòròdú dé Leeds

Bàbá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ ilé wa. Àwọn tó rí fọ́tò sípíkà tí mo fi síbí lóṣù tó kọjá ti ń bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí n kúkú sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ síbí, kí a jọ gbọ́.

Mi ò ṣe iṣẹ́ káfíńtà rí láyé mi, nọ́ọ̀sì ni mí. Lọ́dún tí mo gba ìsinmi lọ sílé bàbá wa ní ọ̀nà Ìgbógbó, ní Ìkòròdú, mo lọ bá ọ̀gá káfíńtà tó wà lẹ́yìn ilé pé mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe sípíkà, kí ó kọ́ mi. Ó ní àpótí rẹ̀ ńkọ́? Mo ní kò ní àpótí. Ó wò mí títí, ó ní kí n jókòó kí n ṣàlàyé.

Bó ṣe rí nìyí. Sípíkà tí a mọ̀ ní ilé ìnáwó, inú àpótí ló wà. Eléyìí, pákó pẹrẹsẹ kan ṣoṣo ni. Ẹ dá ihò sí i, ẹ de sípíkà mọ́ ojú ihò náà, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ohùn ń jáde níwájú, ó ń jáde lẹ́yìn pẹ̀lú. Kì í ṣe nǹkan àná. Rice àti Kellogg, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ General Electric tó kọ̀wé ní 1925 nípa irú sípíkà tí gbogbo ayé ṣì ń lò dòní, ti mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ní pákó tí yóò ya ohùn iwájú sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ̀yìn.

Ìdí tí mo fi ń sọ fún ẹni tí kò di ayùn mú rí pé kó fi èyí bẹ̀rẹ̀ ni pé kò sí ojú àpótí mẹ́fà tó gbọ́dọ̀ bára mu, kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ gbà jò. Ẹ ó lẹ pákó méjì pọ̀, ẹ ó gé etí rẹ̀ kó gún, ẹ ó dá ihò róbótó, ẹ ó ṣe ẹsẹ̀ tí yóò gbé e dúró. Ó tán.

Pákó 1 by 12 ni mo rà. Ọ̀mọ̀ ni oníṣòwò kọ́kọ́ gbé síwájú mi, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ọ̀gá káfíńtà ní rárá. Ó ní ọ̀mọ̀ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, igi tó máa ń dáhùn ni. Ìlù gbọ́dọ̀ dáhùn lóòótọ́, àmọ́ pákó sípíkà gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí ohun tí wọ́n gbà sínú àwo lè sọ̀rọ̀. Ìrókò la mú. Ẹ dákun, ẹ bo imú yín tí ẹ bá ń fi sáńpépà ha ìrókò. Eruku rẹ̀ burú. Èmi tí mò ń sọ fún aláìsàn pé kó dáàbò bo èémí rẹ̀, mo wúkọ́ fún ọjọ́ méjì, ọrùn sì ń yún mi.

Pákó kọ̀ọ̀kan ga ní mítà kan, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, ó nípọn ní ínǹṣì kan. Wúfà, ìyẹn sípíkà béèsì, ínǹṣì 15 wà nísàlẹ̀, sípíkà ínǹṣì 8 tó ń gba gbogbo ìyókù wà lókè. Mo gbé ti òkè yẹn kúrò láàrin gbùngbùn díẹ̀, kí etí pákó méjèèjì má baà jìnnà sí i bákan náà.

Fún ihò, ẹ kan ìṣó sí àárín, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ fi pẹ́ńsùlù sí ìdí okùn, ẹ yí i po. Ẹ fi dírílì lu ojú kan kí abẹ jígísọ̀ lè wọlé. Ẹ gé e sínú ìlà ní mìlímítà 2, kí ẹ wá fi sáńpépà jẹ ìyókù. A ṣe ìdajì, wọ́n mú iná lọ. Ayùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni ọ̀gá káfíńtà fi parí rẹ̀, ihò tó fi ọwọ́ gé yẹn ló róbótó jùlọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn ihò ínǹṣì 8, ẹ gé etí rẹ̀ dagun kó là sẹ́yìn, nítorí pákó tó nípọn ń di ẹ̀yìn sípíkà náà pa bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. Ẹ ṣáà fi igi sílẹ̀ níbi tí skrúù yóò wọ̀.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe gan-an nìyí, òun ló jẹ́ kí n máa kọ gbogbo èyí. Kí pákó má baà tẹ̀, mo gbé igi ìdábùú méjì sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo tún fi skrúù dì í pinpin. Ní Ìkòròdú, ó tẹ́jú bíi dígí. Mo fi ránṣẹ́ gba ojú omi, ó dé Leeds nínú oṣù kẹjọ. Oṣù kọkànlá la tan ẹ̀rọ amúlégbóná. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní, a gbọ́ "pọ́à!" ní pálọ̀. Ọ̀kan ti là láti ihò wúfà dé ìdí. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: mìlímítà 4.

Pákó kò ṣẹ̀. Ní Ìkòròdú tí ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ tutù, omi inú igi tó bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ. Nínú ilé tí a ń mú gbóná nígbà òtútù, ó lè wálẹ̀ dé 8. Igi tí omi rẹ̀ ń lọ a máa sún kì, kì í sì í ṣe ní gígùn rẹ̀, ní ìbú rẹ̀ ni. Ìbú sẹ̀ǹtímítà 50 lè dín ní mìlímítà 5. Igi ìdábùú tí mo lẹ̀ mọ́ ọn kò dín, nítorí gígùn tirẹ̀ ló dojú kọ ìbú pákó. Ọ̀kan ń fẹ́ sún, ọ̀kan ò jẹ́ kó sún. Ó là.

Mo tú ìdábùú náà, mo gé ojú ibi tó là kó mọ́, mo lẹ̀ ẹ́ padà. Mo wá dá ìdábùú padà láìsí gọ́ọ̀mù rárá: skrúù àárín nìkan ló le, ihò skrúù ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo là gùn bí ẹnu àpótí ìfowópamọ́, mo fi wọ́ṣà sí i, kí pákó lè máa rìn síwá-sẹ́yìn lábẹ́ rẹ̀. Òtútù méjì ti kọjá lórí rẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́, Calgary

Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á túbọ̀ fún ọwọ́ yín lókun. Ọkọ mi ti ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè mi: a ò ní gbé pákó láti ilé, maple ni mo fẹ́ rà níbí. Ṣé gbogbo wàhálà igi tó ń sún yìí kan wa? Inú ilé àjọgbé la wà, ògiri kan ló là wá sí méjì pẹ̀lú aládùúgbò. Ṣé irú sípíkà yìí kò ní dá ìjà sílẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Leeds

Ó kàn yín, mà. Tiyín tilẹ̀ lè le ju tèmi lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ gan-an nígbà òtútù. Ibi tí wọ́n ń kó pákó sí lè má gbóná bí pálọ̀ yín. Ẹ rà á, ẹ gbé e sínú yàrá tí sípíkà yóò wà, ẹ má fi ayùn kàn án fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Ní ti aládùúgbò, mo fẹ́ kí Ọmọ Ìpakodò dáhùn, òun ló mọ ọ̀rọ̀ ohùn jù mí lọ.

Ọmọ Ìpakodò, Hamburg

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ìyá Àdùkẹ́, mo kí yín.

Ohùn iwájú àti ohùn ẹ̀yìn kò bára wọn rẹ́. Nígbà tí sípíkà bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó ń fà á lẹ́yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ pákó, níbi tí méjèèjì ti pàdé, wọ́n ń pa ara wọn. Bí ẹ bá ya àwòrán ibi tí ohùn náà gbà, nọ́ńbà 8 ni yóò jáde: ikùn kan níwájú, ikùn kan lẹ́yìn, ọrùn tín-ín-rín ní ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ sípíkà kọ ojú sí ògiri aládùúgbò. Kò sọ pé kó má gbọ́ nǹkankan o, àmọ́ béèsì tí yóò máa mi ògiri rẹ̀ yóò dín ju ti alápòótí lọ.

Ohun kan náà ló ń jẹ béèsì tiyín pẹ̀lú, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó ná owó. Ìdún tó wúwo gùn. Ìdún 100 Hz, ìyẹn èyí tó ń mì nígbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gùn tó mítà 3.4, 50 Hz sún mọ́ mítà 7. Kí ni pákó sẹ̀ǹtímítà 50 fẹ́ fi dí i lọ́nà? Yóò yí etí pákó ká, yóò bá ti ẹ̀yìn, wọn á parẹ́. Fún pákó bí ti Ẹ̀gbọ́n, láti bíi 200 Hz lọ sísàlẹ̀ ni béèsì ti ń sá lọ. Bí iye Hz bá ti wálẹ̀ dé ìdajì, dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 6 (òun ni wọ́n fi ń wọn agbára ohùn) ti lọ.

Ìdí nìyí tí wúfà fi gbọ́dọ̀ tóbi, tí ẹ kò sì gbọdọ̀ ra èyíkéyìí tí ẹ bá rí. Nínú ìwé tó bá a wá, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Qts sí, iye tó ń fi hàn bí sípíkà ṣe ń kó ìmì ara rẹ̀ níjàánu tó. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún àpótí, 0.3 tàbí 0.4 ni. Fún ojú pákó, ẹ wá 0.7 sókè. Eminence Alpha 15A, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún iṣẹ́ yìí, 1.26 ni tirẹ̀. Irú èyí máa ń gbé béèsì rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, ó ń dí díẹ̀ nínú ohun tí pákó pàdánù. Ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mítà kan sí ògiri. Bí àyè yẹn kò bá sí ní pálọ̀ yín, ẹ má ṣe é, ẹ lọ ṣe alápòótí. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Siegfried Linkwitz, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà, tó kú ní 2018, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe irú sípíkà yìí, ó sì fi ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi: plywood ni mo fi ṣe tèmi, mìlímítà 18 méjì tí mo lẹ̀ pọ̀. Kò là, kò sì ní là. Sísanra pákó àti bó ṣe le tó ni etí ń gbọ́, kì í ṣe orúkọ igi.

Bàbá Ìbejì, Leeds

Mi ò bínú rárá, òótọ́ lẹ sọ. Ẹni tó bá ń wá ohùn nìkan, kó ra plywood. Èmi fẹ́ mọ igi. Nígbà tí mo gbé àwo àpàlà bàbá mi sí i, tí agídìgbo bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ìka onílù lára irin, mo sì mọ bí wọ́n ṣe fá ìrókò tó dúró níwájú mi. Mi ò fẹ́ pàdánù ìyẹn.

Àgbà Ìjẹdẹ̀, Houston

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń kà yín láti òwúrọ̀. Bàbá mi ṣòwò gẹdú. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Gẹdú tí a mọ̀ nígbà náà, orí ọ̀sà ni wọ́n ń tù ú gbà dé Òkóbàbá, ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta. Ó ti mu omi yó kí ayùn tó kàn án. Òfin àwọn àgbà onípákó ni pé ínǹṣì kan, ọdún kan: pákó tó nípọn ní ínǹṣì kan yẹ kó gbẹ fún nǹkan bí ọdún kan lábẹ́ òrùlé, pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ láàrin ọ̀kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kun orí méjèèjì, nítorí orí pákó ló ń yára gbẹ, òun náà ló ń kọ́kọ́ là. Pákó tí wọ́n là lánàá ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà lójú títì, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi inú igi, kò wọ́n. Bí ó bá lé ní 12 nínú ilé yín lókè òkun, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì: ẹ má gbìyànjú láti di pákó tútù sínú ẹrù. Ìjọba Nàìjíríà kò gba kí wọ́n kó gẹdú tàbí pákó lílà jáde. Bàbá Ìbejì ṣe é tán kí ó tó gbé e, ìyẹn yàtọ̀. Ọ̀gànwó àti apá tún wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó nílò ààbò, láti ìpàdé wọn ti 2022. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ tí ẹ wà kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀ẹ̀kẹta: iwájú àti ẹ̀yìn pákó, ẹ kun méjèèjì ní ọ̀dà kan náà, iye ìgbà kan náà. Ẹni tó kun iwájú nìkan, ẹ̀yìn yóò máa mu omi, yóò máa tú omi, pákó yóò tẹ̀ bí àwo.

Bàbá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ àgbà, Bàbá. Èmi náà kun iwájú nìkan nígbà àkọ́kọ́. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn wà lára rẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́, Calgary

Bàbá Ìjẹdẹ̀, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ra maple. Mo tò ó sí pálọ̀ pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ láàrin, àwọn ọmọ ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé e. Ẹ̀rọ náà kà 11 lọ́jọ́ tó wọlé, lánàá 8.5, lónìí 8. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?

Àgbà Ìjẹdẹ̀, Houston

Rárá, ọmọ mi. Ó ṣì ń rìn. Fi pẹ́ńsùlù kọ iye àti ọjọ́ sára pákó gan-an lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí o bá kọ iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì, mú ayùn.