Nǹkan sú sára ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, èmi sì rèé pẹ̀lú oyún ọ̀sẹ̀ 9

Adùkẹ́_Ìbàdàn: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ibí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọkùnrin ọdún 4, Sátidé ni nǹkan pupa wínníwínní sú sí i lójú, kílẹ̀ tó ṣú ó ti dé àyà dé ikùn, ara ẹ̀ kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ó ṣì ń sáré kiri ó ń jẹ dòdò. Ìyá ọkọ mi ní ooru ni, ká fi àdín pa á lára. Ọjọ́ kẹta gbogbo ẹ̀ ti pòórá. Àmọ́ bí mo ṣe ń wẹ̀ fún un báyìí ni ọwọ́ mi kan kókó méjì lẹ́yìn etí ẹ̀, bí ẹ̀wà. Dókítà tó wò ó ní ó jọ rubella, ló bá wo ikùn mi, ó ní ṣé kò sí oyún níbẹ̀? Látìgbà náà mi ò sùn. Ṣé kí n sáré lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ lọ́la ni?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà: Àbúrò, má gba abẹ́rẹ́ yẹn o! Kòkòrò àìsàn ọ̀hún gan-an ló wà nínú ẹ̀, wọ́n kàn ti gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀ ni, wọn kì í fún aboyún. Ìyàwó tó bá gbà á, wọ́n á ní kó dúró oṣù 1 kó tó lóyún. Pe ibi tó o ti ń gba ìtọ́jú oyún kó o tó lọ, kó o má lọ jókòó sáàárín àwọn aboyún mìíràn. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, tẹ́ẹ̀sì IgG á sọ bóyá ara ẹ ti mọ àìsàn yìí tẹ́lẹ̀, IgM á sọ bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ó lè jẹ́ pé o ti ṣe é ní kékeré láìmọ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é tí nǹkan kan ò ní sú sí wọn lára rárá. Tí wọ́n bá ní kó o padà wá fa ẹ̀jẹ̀ míì, padà lọ, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kó tó hàn lára ẹni tó kó o. Ọmọ yẹn náà, jìnnà sí i títí ọ̀sẹ̀ 1 á fi kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tó sú sí i.

BàbáÌbejì: Ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe èéyi náà nìyí? Gbogbo wa la ṣe èéyi, a ò kú.

Tíṣà_Adití: Bàbá Ìbejì, kì í ṣe èéyi sà. Èéyi máa ń dá ọmọ dùbúlẹ̀, eléyìí kì í sábà ṣe ọmọ ní nǹkan púpọ̀, inú oyún ló ti ń ṣọṣẹ́. Tó bá mú ìyá láàárín ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́, ó lè ba ọmọ 9 jẹ́ nínú 10: ojú, etí, ọkàn. Dókítà ojú kan ní Australia, Norman Gregg, ló fura ní 1941, ó ń rí ọmọ tuntun tí ẹyin ojú wọn funfun bí ẹní da ògì sí i, ó bi àwọn ìyá wọn léèrè, rubella ni wọ́n ṣe nínú oyún. Amẹ́ríkà nìkan, 1964 sí 1965, ọmọ bíi 20,000 ni wọ́n bí báyẹn. Adití ni mò ń kọ́, ìyá ọmọ kan sọ fún mi pé nǹkan kan sú sóun lára fọ́jọ́ 3 nínú oyún, òun kàn fi páúdà pa á ni.

BàbáÌbejì: Háà. Ẹ ṣé. Àmọ́ wọ́n ní abẹ́rẹ́ yẹn ń sọ ọmọ obìnrin di àgàn ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà: Irọ́ ńlá! Àwọn ìlú òkè òkun ti ń gbà á láti 1969, ṣé wọn ò bímọ mọ́ ni? October 2025 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa á pọ̀ mọ́ ti èéyi, láti ọmọ oṣù 9 dé ọdún 14. Ẹ mú àwọn ìbejì lọ, bí wọ́n jẹ́ ọkùnrin náà ẹ mú wọn lọ, ṣé ẹ rí ẹni tó kó o wálé bá Adùkẹ́?

Adùkẹ́_Ìbàdàn: Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀, Thursday lèsì. Ìyá ọkọ mi ló sìn mí lọ, òun ló gbé báàgì mi, kò dárúkọ àdín mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti tú káàdì ọmọ ẹ̀ jáde, abẹ́rẹ́ èéyi nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀.